Lẹ́tà Tí Mo Mú Ọ Fọwọ́ Sí

                                        Ilé Kẹrìnlá,
                                        Ọ̀nà Ilé-Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, oṣù Kẹjọ.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Àna mi ńkọ́, ṣé ó ti jáwọ́ nínú bíbá rédíò jà? Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ara le, mo dúpẹ́. Inú ló ń bí mi. Ó ń bí mi débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ya lẹ́tà yìí kí n tó rí èyí kọ.

O mọ̀ pé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa ṣì ń kó àwọn ọmọbìnrin lọ sí ibùdó lọ́dọọdún. Ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n lọ́tẹ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì, tí ìwọ fúnra rẹ kọ́ bí a ti ń so okùn àgọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé, ni olórí wọn. Alága wa ló yan ibi tí wọn yóò pàgọ́ sí, ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n. Ibo ló yàn? Inú kòtò! Ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀lọ́ ti ń gbé kí wọ́n tó bí i.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ojú ọ̀run ṣú. Nọ́ọ̀sì kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó fun fèrè. Àwọn kékeré ń fa èèkàn tu, àwọn tó dàgbà díẹ̀ ń gbé òpó, àwọn tó kù ń ru ẹrù, títí ogójì àgọ́ fi dé orí òkè. Kò pé wákàtí méjì. Nígbà tí òjò dá, omi mu ni dé orúnkún níbi tí wọ́n ti kúrò. Ikọ́ lásán kò ṣe ẹnì kankan nínú wọn.

Ǹjẹ́ o gbà pé ìgbìmọ̀ pè é wá jẹ́jọ́? Wọ́n ní ó rú òfin: a kì í ṣí àgọ́ nípò láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ alága. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé kí n ní kí òjò ṣì dúró ná, kí n lọ gba ìwé?" Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín nínú àwa àgbà tó jókòó níbẹ̀.

Akọ̀wé bá ṣí fáìlì, ó yọ bébà gbígbó kan. Ó ní àpẹẹrẹ rèé, kí Nọ́ọ̀sì dà á kọ, kí ó sì fọwọ́ sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó fi ipò sílẹ̀. Ó kà á sókè: "Mo kọjá àyè mi, mo sì tọrọ àforíjì." Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Orúkọ rẹ ni mo rí nísàlẹ̀.

Àbúrò mi, èmi ni alága lọ́dún tí o kọ ọ́. Èmi ni mo gbé òfin yẹn kalẹ̀. Èmi ni mo ń pe ọ̀rọ̀ náà tí o ń kọ ọ́, gbólóhùn kan tẹ̀lé èkejì, nítorí pé o kó àwọn ọmọ kúrò lábẹ́ igi gbígbẹ láìbi mí. Ohun tí n kò sọ fún ọ rí ni pé ẹ̀ka igi náà ya lulẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Ibi tí àwọn ọmọ ìbá wà gan-an ló bọ́ sí. Mo ní kí ọlọ́gbà gé e, kí ó kó o dànù kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ìwọ kò sì tún fẹsẹ̀ tẹ ibùdó mọ́ láti ìgbà náà.

Mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Alága ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn." Mo ní, "Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, kí ló gbé e dórí tábìlì?" Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n kí ló kan Nọ́ọ̀sì níbẹ̀? Mo mú bébà náà, mo tì í bọ àpò. Akọ̀wé ń pariwo pé ti ẹgbẹ́ ni. Irọ́ ni!

Wọ́n sún ìdájọ́ sí Sátidé, aago mẹ́wàá. Jọ̀ọ́, wá jókòó ti Nọ́ọ̀sì. Bí ojú mi bá ṣòro fún ọ láti rí, èmi yóò dúró síta.

Bá mi kí àna mi àti àwọn ọmọ. Nọ́ọ̀sì ní kí n kí ọ, ó ní okùn tí o kọ́ òun ni òun ṣì ń so.

Bébà náà wà nínú àpòòwé yìí, tìrẹ ni. Wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo dà kọ síbẹ̀, gbólóhùn kan tẹ̀lé èkejì. Èmi ni mo fọwọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí rẹ,
                                        Bọ̀dá Òfin, bí o ti máa ń pè mí.