Ìwádìí Ọmọ Mi lórí Ìfẹ́ Àgbàlagbà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Mo ra ìwé yìí lónìí torí mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí, opó ọdún mẹ́sàn-án, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Mo sì ní ọ̀rẹ́kùnrin. Ó yá, mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé. Ilé ò wó.

Aláago ni n ó máa pè é níbí. Aago ló ń tún ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni mo gbé aago ọwọ́ mi lọ bá a. Ọjọ́ kejì ni aago ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mi ò yé lọ. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mò ń gbà wọlé bí olè, torí ojú ọ̀nà yunifásítì ni ṣọ́ọ̀bù náà kọjú sí, ọmọ mi sì ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Nípa ọmọ mi. Òun nìkan ni mo bí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé lókè, èmi wà nísàlẹ̀. Ó ń kọ́ni nípa àwùjọ ẹ̀dá ní yunifásítì – Ọ̀gá Ìwádìí ni mo máa ń pè é. Lọ́dún yìí, ohun tó ń wádìí ni ìfẹ́ láàárín àwọn àgbàlagbà, àti bí ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣàn ṣe ń fi í pamọ́.

Nídìí oúnjẹ àárọ̀ ló ti ń ṣàlàyé. Ó ní lórí tẹlifíṣàn, bí arúgbó ò bá di orúnkún mú nínú ìpolówó oògùn, a jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi í ṣẹ̀rín ni. Ó ní àwùjọ ti fẹnu kò pé ara tó ti hunjọ ò gbọdọ̀ wu ẹnikẹ́ni mọ́, ìrẹ́jẹ gbáà sì ni. Mo ní òótọ́ ni, mo tún bu tíì sí i fún un. Nọ́ọ̀sì, ìyàwó rẹ̀, wo mí, ó tún wo tíì. Ojú ọmọ yẹn mú ju abẹ́rẹ́ tó fi ń gún àwọn aláìsàn lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Aláago fẹnu kò mí lẹ́nu. Gbogbo aago tó wà lára ògiri ń dún, kò sí èyí tó bá èkejì mu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ó ní òun ti dàgbà ju ẹni tí ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ ká fẹ́ra wa, kí n lè máa bá yín rìn lójú títì.” Mo ní kó fún mi títí ìparí oṣù. Ó ní kò burú, àwọn oníbàárà kan wà tí òun ti ń retí kí wọ́n wá gba aago wọn láti ọdún mẹ́jọ, òun mọ̀ ọ́n dúró.

Ẹ̀rù ọmọ mi ló ń bà mí. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ gan-an. Tó bá fi ojú ẹni tó dalẹ̀ bàbá rẹ̀ wò mí, mi ò mọ̀ bóyá mo lè gbé e. Mo fẹ́ Aláago, mi ò sì fẹ́ pàdánù ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Àràárọ̀ Ìṣẹ́gun ni àwa àgbàlagbà máa ń lọ ka ìwé ìròyìn ní ilé ìkàwé. Lónìí, wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún wa – fọ́ọ̀mù ìwádìí ọmọ mi. Ẹ má kọ orúkọ, ẹ sọ ọ́ sínú àpótí. Ìbéèrè mẹ́wàá. Èkeje: ǹjẹ́ ó ṣì máa ń wù yín kí ẹnìkan fọwọ́ kàn yín? Dírẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì tó jókòó tì mí fi ìgunpá bo tirẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń ṣèdánwò.

Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ara tí mo rò pé ó ti sùn ti jí, ó sì ń jí mi náà láàárọ̀. Mo kọ orúkọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù: ọmọ. Mo sọ ọ́ sínú àpótí, mo rìn wálé, mi ò mọ̀ pé mò ń kọrin títí Nọ́ọ̀sì fi bi mí pé orin kí ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo gbé. Mo ti gbé pátápátá.

Mo máàkì fọ́ọ̀mù yẹn. Ọdún méjìdínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, ìwé oníbéèrè níwájú mi, báírò aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ mi, kí ló kù? A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Níléèwé wa, ọ̀gá àgbà nìkan ló ń lo pupa, ewé ni tàwa tíṣà. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè kẹrin pé, “O ti fi ìdáhùn sí wa lẹ́nu. Tún un ṣe.” Mo fún un ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá, mo ya òbírí yí i ká, mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi mọ òbírí yẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹta.

Mo sáré padà lọ sílé ìkàwé. Wọ́n ti gbé àpótí lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ọmọ mi ṣe ètò lórí rédíò, aago mẹ́rin. Ṣọ́ọ̀bù Aláago la ti gbọ́ ọ. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ti tẹ àwọn ìdáhùn kan sórí kọ̀ǹpútà fún òun, òun ò tíì rí fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, ó di ọjọ́ Àìkú. Ó wá ka ọ̀kan: “Ẹ ń béèrè bóyá iná ṣì wà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó sọ pé ó ti kú.” Èmi nìyẹn. Ó pe obìnrin náà ní akíkanjú. Ó ní ìṣòro rẹ̀ ò ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ tó ń so òbí mọ́lẹ̀ bí ẹran, ó yẹ kójú tì wọ́n.

Aláago yọ awò kúrò lójú, ó bi mí ṣé òun ni iná ọ̀hún. Mo ní kó dákẹ́, kó kojú mọ́ṣẹ́. Ẹ̀rín pa wá títí oníbàárà fi wọlé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ọmọ mi gbé páálí fọ́ọ̀mù wálé lọ́sàn-án. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè. Mi ò gbọ́ ọ mọ́. Kò sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

“Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì.” Ilẹ̀ ló ń kí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó ní ọkọ òun ní ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé sọ, ó wá fi wákàtí méjì sọ ọ́ fún òun. Mo jẹ́wọ́ pé Aláago ni. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní, “Mọ́mì, mo ti fura tipẹ́. Aago wo ló ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀?” Ó fara ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà bá a rín in. Máàkì mẹ́wàá fún ọmọ yẹn, láìyọ ìdajì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Ọmọ mi wá. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní, “Mọ́mì, pẹ̀lú ọjọ́ orí yín?” Mo ní olùkọ́ kan sọ̀rọ̀ lórí rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ó ní ìyẹn nípa àwọn àgbàlagbà ni. Mo bi í pé kí wá lèmi. Ó ní, “Ẹ̀yin ni màmá mi.” Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ó béèrè bàbá rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ràn bàbá rẹ̀ dọ́jọ́ ikú, mo sì sin ín dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò bá a wọ inú sàréè. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó bọ́ lójú tèmi náà. Mo ní n ó fẹ́ ọkùnrin yìí lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó, aago mẹ́wàá. Mo ní kì í ṣe àṣẹ ni mò ń tọrọ, mo kàn fẹ́ kó wà níbẹ̀ ni. Ó gòkè lọ. Àyà mi fúyẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ilẹ̀kùn iwájú ni mo gbà wọ ṣọ́ọ̀bù lónìí. Lọ́sàn-án gangan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo fẹ́ tètè kọ ọ́, wọ́n ń dúró dè mí ní pálọ̀.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan, Ọ̀gá Ìwádìí ò sọ bóyá òun ń bọ̀. Láàárọ̀ yìí, mo jáde, ó ti wà nínú mọ́tò pẹ̀lú Nọ́ọ̀sì, ó wọ kóòtù, ó fajú ro. Aláago ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì láti aago mẹ́jọ. Òun àti ọmọ mi bọwọ́, ó tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n bọ̀ ọ́.

Inú gbọ̀ngàn kún. Wọ́n pe nọ́ńbà wa. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì ò tilẹ̀ gbójú sókè dáadáa. Ó wo ọmọ mi àti Nọ́ọ̀sì, ó na báírò sí wọn. Ó wo èmi àti Aláago, ó tọ́ka sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó ní kí àwọn òbí lọ jókòó ná, kí ọkọ àti ìyàwó bọ́ síwájú. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. Mo ti fẹ́ ṣàlàyé, kí ọ̀rọ̀ má di ìtìjú fún ọmọ mi. Òun ló ṣáájú mi. Ohùn tó fi ń kọ́ igba akẹ́kọ̀ọ́ ló lò, gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú padà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fà mí dé iwájú tábìlì.

“Rárá, ọ̀gá. Màmá mi ni ìyàwó.”