Ohùn Ìyá Rẹ Nínú Dísìkì

Kétu, oṣù kejì, ọdún 1963

Firmin ọmọ mi, Àjàmú,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé òkun Kútọnú ò bá yín jà? Èmi bàbá rẹ wà láàyè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ẹni ibi ò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, òrùlé yàrá ìyá rẹ sì ń jò, n ó dé orí ìyẹn.

Gaston olùkọ́, tó gba yàrá nílé wa, ló ti Kútọnú dé tòun ti gramofóònù àti dísìkì kan, ó ní ìwọ lo wà nínú rẹ̀. Mo ní Firmin wo? Ó ní Firmin tiwa, pé alaalẹ́ Sátidé lo máa ń dúró níwájú èrò nínú gbọ̀ngàn kan tí o ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń sanwó wọlé, pé lálẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n gba ohùn gbogbo yín sílẹ̀. Háà! Èmi rò pé búró ìjọba lo wà, tí o ń kọ̀wé! Ẹnu yẹn náà tí wọ́n máa ń torí rẹ̀ lé ọ jáde ní kíláàsì ni wọ́n ń sanwó fún báyìí?

Gbogbo ilé jókòó. Mo wọ dàńṣíkí mi tó dára, torí n kò fẹ́ kí àwọn ará Kútọnú rí mi nínú aṣọ oko. Gaston yí apá ẹ̀rọ náà títí, ó gbé abẹ́rẹ́ lé dísìkì, ni mo bá gbọ́ tí òjò ń rọ̀, mo ní kí wọ́n sáré kó àgbàdo wọlé, àṣé àtẹ́wọ́ ni. O wá sọ̀rọ̀, o kí àwọn èèyàn, èmi náà kí ọ, mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun, o ò dá mi lóhùn, o ń bá ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ. Ó dùn mí díẹ̀. Mo kí àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ pé wọ́n kú ìjókòó, àwọn náà kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Wọn ò mọ ìkíni rárá. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, bí gbogbo wọn bá dákẹ́, òun á ṣì máa rín in lọ. Ọmọ ta ni? Bí ẹ bá jọ ń rìn, wí fún mi kí n lọ rí àwọn èèyàn rẹ̀, torí ẹ̀rín yẹn wù mí nínú ilé.

Ibẹ̀ la wà tí o fi sọ fún wọn pé o fẹ́ fi bí ìyá rẹ ṣe máa ń pe bàbá rẹ hàn wọ́n. Ohùn rẹ sì parẹ́. Ohùn ìyá rẹ ló jáde, pé kí Bàbá Firmin tètè wá jẹun kí adìẹ tó bá a jẹ ẹ́, bó ṣe máa ń fà á gùn láti ẹ̀yìnkùlé gẹ́lẹ́. Àwọn ará Kútọnú bú sẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Firmin, mo dìde, mo ní mò ń bọ̀.

Philomène ẹ̀gbọ́n mi kígbe, ó fọwọ́ bo ẹnu mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. O kúkú mọ̀ pé bí òkú bá pe èèyàn, wọn ò gbọdọ̀ dáhùn, torí ẹni tó bá dáhùn ti gbà láti bá a lọ. Philomène sunkún, ó da omi tútù sẹ́nu ọ̀nà, láti ọjọ́ náà ẹnu ọ̀nà mi ló ń sùn, kí n má baà lọ, ó sì ń hanrun débi pé òkú náà ò ní lè sún mọ́ wa. Gaston ṣàlàyé títí pé Firmin ló ń sín ìyá rẹ̀ jẹ. Philomène ní òun mọ ohùn ìyàwó àbúrò òun. Ó ní kí Gaston gbé ẹ̀rọ náà padà síbi tó ti gbé e wá, Gaston sì ti gbé e lọ.

Wọ́n rò pé ẹ̀rù ń bà mí. Irọ́ ni. Láti ọdún òmìnira tí a ti sin ìyá rẹ ni mo ti ń gbàgbé ohùn yẹn díẹ̀díẹ̀. Mò ń rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ mọ́, mo sì ti gbà pé ó tán nìyẹn. N kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló wà, tí àwọn tí ò mọ̀ ọ́n rí ń sanwó gbọ́ ọ. Inú bí mi sí ọ, n kò ní purọ́. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, àárò tìrẹ náà ń sọ mí, torí láti ọjọ́ ìsìnkú yẹn o ò tíì wọ ilé yìí. Mo mọ̀ pé yàrá rẹ̀ lo ń sá fún. Èmi náà kì í ṣílẹ̀kùn ibẹ̀ àfi bí òjò bá rọ̀.

Owó páànù ni mo fẹ́ béèrè tẹ́lẹ̀. Má fi ránṣẹ́ mọ́. Fi wọ ọkọ̀ ojú irin dé Pobè, kí o wọ ọkọ̀ akẹ́rù wá sílé. Ṣùgbọ́n bí owó bá ká méjèèjì, ra páànù náà dání o.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, Philomène ò gbọ́ sí i. Ọlọ́run á sọ ọ̀nà rẹ di gbẹdẹmukẹ, á fún ọ ní ọmọ tí yóò máa sín ìwọ náà jẹ. Bí o bá dé, má gba iwájú wọlé. Gba ẹ̀yìnkùlé, kí o fi ohùn ìyá rẹ pè mí. Philomène á rí ọ pé alààyè ni ọ́, kò ní lè bò mí lẹ́nu. Pè mí lẹ́ẹ̀kan péré, kí o sì dúró kí n dáhùn.

Èmi ni, bàbá rẹ.