Òrùlé Tó Ń Ká Bí Ẹní

Bàbá tó ń fọ ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa ló ń sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ń kun ọkọ̀ lọ́dà ni mò ń bá a kọ ọ́ sí ìyàwó rẹ̀, torí kò mọ̀wé. Ó ní n kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un.

Ìyá àwọn ọmọ mi, ara mi le koko. Ò bá wá rí ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ń ká bí ẹní! Ọ́ìlì ló ń tì í sókè. Lánàá, ó há sí agbedeméjì. Ọ̀gá mi, ọmọbìnrin tí kò tó àbíkẹ́yìn wa, kàn tẹ́tí sí igbe ẹ̀rọ tó ń ti ọ́ìlì náà ni.

"Ọ́ìlì ti jò. Bàbá, ẹ má tọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ kí n tó fi igi gbé e ró o."

Mo ní, "Èmi ọmọ àgbẹ̀! Igi wo lo fẹ́ fi hàn mí?"

Jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ó pààrọ̀ rọ́bà tó ń jò, ó ká òrùlé sílẹ̀ pátá kó tó bu ọ́ìlì kún un. Òrùlé dìde jẹ́jẹ́ bí àkùkọ tó ń na ìyẹ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́; èmi fẹnu yìn ín.

Má retí mi fún oko ríro ọdún yìí, iṣẹ́ pọ̀. Kí àwọn ọmọ. Kí ewúrẹ́ rẹ olóríkunkun, èkejì mi.

Àmì rẹ̀: àtàǹpàkò òsì.

Ẹlẹ́rìí: Oníbátìrì ṣọ́ọ̀bù wa, àti ọ̀gá wa, tó ní dandan ni kí n kọ "òsì" síbẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ lè béèrè ọ̀tún.