Òdòdó Bàbá Tí Kò Yọ

Ilé Burnside,
Kirkmoss.
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kejì.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Àdúrà mi ni pé kí orúnkún yín ti fúyẹ́, kí òtútù ilé Ẹ̀gbọ́n Alasdair má sì mú yín jù. Ara mi le, ti ọmọ náà le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Màmá, òdòdó yìnyín Bàbá, òdòdó funfun kékeré tó máa ń yọ nínú òtútù, ti kú. Gbogbo rẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa fún yín lórí fóònù nígbà Kérésìmesì tí mo ní wọ́n ti ń yọrí, ìyẹn ni n kò fi láyà láti pè yín.

Èmi ni mo pa wọ́n. Ní oṣù Kẹfà, àwọn tó ń tún ògiri ọgbà ṣe ń bọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọn á tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Morven ọmọ mi kò tíì pé oṣù kan. Oorun ò kún ojú mi. Mo bá wú iṣu òdòdó náà tó wà lábẹ́ ilẹ̀, mo sá wọn bí ẹni sá àlùbọ́sà, mo kó wọn sínú àpò bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Oṣù Kẹwàá ni mo tó dá wọn padà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ tí ẹ wé wọn sínú ìwé ìròyìn tútù fún mi, ẹ sọ ọ́: "Eilidh, má jẹ́ kí wọ́n gbẹ o. Bí o bá máa ṣí wọn nípò, ìgbà tí ewé wọn bá ṣì tutù ni." Mo ní mo ti gbọ́. Etí kan ni mo fi gbọ́.

Láti oṣù Kìíní n kò sinmi. Kí a tó jẹun àárọ̀, mo ti jáde lọ wò wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọmọ láyà mi. Gregor ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó, ṣé wọ́n máa kanlẹ̀kùn kí wọ́n tó yọ ni?" Òdòdó yìí ti sọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì di funfun, etí odò funfun, tiwa nìkan ló dúdú. Lánàá mo fọwọ́ wa ilẹ̀. Èèpo lásán ni mo bá, inú rẹ̀ ti rà.

Níbi tí mo ti ń sunkún ni Màmá Nesbit, aládùúgbò wa, yọjú lórí ògiri. Mo jẹ́wọ́ fún un. "O sá a bí àlùbọ́sà? Ọpẹ́ ni pé o ò rò ó mọ́ ọbẹ̀, májèlé ni! À bá ti sin ìwọ àti ọkọ ẹ." Ó rẹ́rìn-ín títí, inú fẹ́ bí mi. Ó wá ní, "Dákẹ́, ọmọ mi. Ẹni tó mọ òdòdó yìí tọ́jú kì í dá nìkan ní in. Ó máa ń bu fún ẹlòmíràn, kí ó má bàa run. Lọ bi ìyá ẹ, ta ló bu fún?"

Màmá, ta ni ẹ bu fún? Lẹ́yìn ilé ọlọ tó wó ni Bàbá ti rí i, tòun ti àmì àwọ̀ ewé létí òdòdó rẹ̀ lóde, èyí tí ti ṣọ́ọ̀ṣì kò ní. Òun nìkan ni ohun Bàbá tó ń padà wá lọ́dọọdún. Morven kò rí bàbá àgbà rẹ̀. Mo fẹ́ kó rí èyí. Ibi yòówù kí ẹni náà wà, màá wọkọ̀ ojú irin lọ.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ẹsẹ̀ yín gbé yín dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ilẹ̀ bá móoru. Ẹ bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ má bínú pẹ́.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin,
Eilidh.

Àfikún: Mo ti gbẹ́ ilẹ̀ tuntun lábẹ́ igi ápù, níbi tí kì í gbẹ. Màmá Nesbit ní tó bá di ìparí oṣù Kẹta, ewé wọn á ti máa pọ́n, kò sì ní ṣeé ṣí nípò mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè kọ orúkọ ẹni náà ránṣẹ́ sí mi.