Ọmọ Tí Mo Pè Ní Ọmọ Aládùúgbò

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Mo dé iwájú àwọn aṣòfin New York lónìí, mo bẹ̀ wọ́n pé kí ìjọba náwó sí ìwádìí stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn eegun tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀, nítorí òun ló lè fún àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ní ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ṣé olówó nìkan ló yẹ kó rí ìwòsàn ni?

Mo sọ fún wọn pé ọmọ aládùúgbò mi kan ní Queens Village ni àrùn náà ń bá fínra. Bí eegun ṣe máa ń ro ó, tó máa ń fi eyín di ìrọ̀rí mú, gbogbo rẹ̀ ni mo sọ. Tinúkẹ́ ọmọ mi jókòó tì mí, ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ di ọmọ ẹlòmíì.

Ìyá ọkọ mi ló kìlọ̀ fún mi láàárọ̀: "Má tú u síta o. Ta ni yóò fẹ́ Tinúkẹ́ tí wọ́n bá gbọ́?" Àbí ó yẹ kí n ti sọ òótọ́ ni?

Aṣòfin kan rọra bi mí pé, "Ṣé ọmọ náà lè wá bá wa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀?"

Tinúkẹ́ ti ń dìde. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ara rẹ̀ ò yá."

Nínú subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó ń gbé wa lọ sílé, Tinúkẹ́ gbé orí lé èjìká mi.

"Mọ́mì," ó ní, "ara mi yá lónìí."