Ààwẹ̀ Tí N Kò Gbà

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ọmọ tuntun, ẹ kú àìsùn, ẹ kú omi gbígbóná. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbí ní Ìwó kí n tó mú kálàmù. Mo kí bàbá mi, mo kí ẹ̀gbọ́n mi àti gbogbo ìyàwó ilé. Mo kí ìyàwó mi tó wá bímọ lọ́dọ̀ yín. Wọ́n ní imú mi ni ọmọ náà gbé wá sáyé. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má bínú.

Mo mọ̀ pé tíṣà ìjọ yín ni yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Ohun tí wọ́n bá sì kà ní agboolé wa, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Aké ti gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kúkú ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn, kí àwọn oníwàásù ẹgbẹ́ mi náà lè rí i kà. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan.

Ọyẹ́ ti dé síbí. Ètè mi ti là, eruku sì ti bo Bíbélì mi. Ìwó kì í ṣe ìlú burúkú o. Ìmàle ló pọ̀ jù ládùúgbò mi, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá ń gbàdúrà. Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n mí. Láàárọ̀ mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé, lọ́sàn-án mo ń parí ìjà tọkọtaya, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo sì fi ń lọ wàásù ní Kúta àti Olúpọ̀nnà. Ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù pàápàá, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Bí wọ́n bá bi mí pé ṣé àlàáfíà ni, mo gbọ́dọ̀ dáhùn pé a dúpẹ́. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé oníwàásù ò rí ọpẹ́ dá?

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi kan kú. Àyìnlá ni wọ́n ń pè é. Òun ló máa ń pariwo orin jù nínú wọn, kò sì mọ orin rárá. Láàárọ̀ la sin ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, mo so ọmọ Ìyá Ìjọ pọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo jó, mo súre fún wọn. Nígbà tí mo délé, mo bu òkèlè, ó há mi lọ́fun. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti kọ̀ mí, ẹ̀kọ mímu díẹ̀díẹ̀ ni mo fi ń gbé e. Oorun náà kọ̀ mí. Bí ẹnìkan bá ti kágò lẹ́nu ọ̀nà, àyà mi á já. Lọ́jọ́ kan, mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí olè, nínú ilé tí èmi fúnra mi ń gbé.

Àwọn ará ìjọ rí i pé mo ń rù. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní èmi Tíṣà wọn ń gbààwẹ̀ nítorí ìjọ! Àwọn obìnrin tó máa ń gbé oúnjẹ wá fún mi dáwọ́ dúró, kí wọ́n má baà dán mi wò. Ẹni tí kò gbé ẹjọ́ wá rí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wá, torí wọ́n ní àdúrà aláàwẹ̀ kì í pẹ́ kó tó gbà. Nígbà tí ọmọ Ìyá Ìjọ lóyún, ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ ní gbangba, ó dúpẹ́ lórí ààwẹ̀ mi. Kí ni kí n sọ? Mo ní àmín. Ó korò lẹ́nu mi bí ewé ewúro.

Aládùúgbò mi kan wà, Ìyá Oníyọ̀, tó ń ta iyọ̀ lọ́jà. Ìmàle ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó wá jókòó lórí pèpéle mi, ó bi mí ohun tí mo fi ń ṣínu. Mo ní omi. Ó bi mí ìgbà tí mo ń dáná sàárì, torí kò rí kí èéfín rú nílé mi láfẹ̀mọ́júmọ́. Ó ní láti kékeré lòun ti ń gbààwẹ̀, òun sì mọ ojú aláàwẹ̀: ebi ń pa á, ó sì máa ń wo oòrùn bóyá ó ti wọ̀. Ó ní èmi kì í wo oòrùn. Ó ní ìbànújẹ́ ló ń jẹ mí, kí n yé fi ààwẹ̀ bò ó. Ìyá mi, mo sunkún, ikun imú ń dà lára mi bí ọmọdé. Ó jókòó tì mí títí mo fi lá díẹ̀ nínú ọbẹ̀ tó gbé wá.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sọ òótọ́ fún Bàbá Ìjọ, pé n kò gbààwẹ̀ kankan, pé ọkàn mi ni kò yá. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ tòótọ́ kì í jẹ́wọ́. Ẹ gbà mí o!

Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wa bá ọkọ̀ ojú irin wá láti Ìbàdàn. Ó wò mí, ó ní bí mo bá tọrọ ìsinmi, òun á fún mi, ẹlòmíràn á bá mi di iṣẹ́ náà mú. N kò tọrọ rẹ̀. Torí tiyín ni. Ọmọ mẹ́ta ti kú mọ́ yín lọ́wọ́ kí ẹ tó bí mi; ẹ gbé mi lọ sí ìjọ, ẹ ní mo ti di ti Ọlọ́run, pé ẹ ò ní gbà mí padà láéláé. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn yangàn títí mo fi dàgbà. Báyìí, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. N kò fẹ́ fi Ọlọ́run sílẹ̀. Mo kàn fẹ́ jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní sọ pé kí n gbàdúrà fún òun, kí n gbé ọmọ mi lé ẹsẹ̀.

Mo mọ̀ yín. Bí wọ́n bá ka ìwé yìí tán, ẹ ó ní ẹ fẹ́ gbààwẹ̀ nítorí mi. Ẹ má ṣe é o. Ẹ jẹun yó. Kí ẹ wá ránṣẹ́ ẹyọ kan péré sí mi: pé kí n máa bọ̀ wá jẹun.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ọmọ ọwọ́ kò ní ṣòjòjò, ẹ ò ní fi ẹkún ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ bá mi kí tilé-toko, àti Tíṣà tó ka ìwé yìí. Ẹ bi í bóyá òun náà ti jẹun.

Èmi tí ẹ fi fún Ọlọ́run, tí mo ṣì jẹ́ ọmọ yín,

Jòsáyà