Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Tí Kò Gbọ́ Dúró

Láti Ọ́fíìsì Ẹnjiníà Àgbà fún Gbogbo Bíréèkì,
Òkè-Ìmẹ̀sí títí dé Àrámọkọ,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó, 1985.

Ìbíyẹmí ọmọ mi,

Èmi Ẹnjiníà Àgbà, tí í ṣe bàbá rẹ, ni mo ń fi gègé wúrà kọ ìwé yìí sí ọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ìbàdàn? Ṣé ọkọ rẹ ń jí dáadáa? Adéṣínà ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn? Bí o bá bi wá, ulé dùn, a ò ṣàìsàn, àfi orúnkún màmá rẹ tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí ẹni tí ń sọ ọ́ lórí rédíò tó mọ̀. Ọlọ́run tó gba ọmọ wa lọ́wọ́ gọ́tà kò ní fi wá sílẹ̀.

A rí kẹ̀kẹ́ ọmọ tí o fi rán dírẹ́bà gbà, a sì gbọ́ gbogbo ohun tó wà nínú lẹ́tà rẹ. O ní o tẹ bíréèkì rẹ̀ ní òkè Mọ́kọ́lá kí o tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú búrẹ́dì tí o fẹ́ rà, àbí o ò tẹ̀ ẹ́, o ní o ò mọ̀ mọ́. O ní nígbà tí o máa bojú wẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ ti ń sáré lọ sí gọ́tà pẹ̀lú ọmọ nínú, ọpẹ́lọpẹ́ ọkùnrin kan tó fi ẹsẹ̀ dá a dúró. O ní láti ọjọ́ náà o ò gbé ọmọ jáde mọ́, pé kí á fi kẹ̀kẹ́ náà ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, pé ìyá burúkú ni ìwọ. Ìyá burúkú bí ti báwo? Nígbà tí màmá rẹ gbọ́ ibẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ní ta ló wá bí ìyá burúkú náà, ṣé òun ni?

Ní tèmi, o mọ̀ pé kí n tó di àgbẹ̀, ọmọ mọ́tò ni mí lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, èmi ni mo máa ń fò sílẹ̀ lẹ́yìn lọ́rì láti ki igi sí ìdí táyà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yẹn kì í bú ènìyàn kí ó tó wo bíréèkì. Mo yẹ kẹ̀kẹ́ náà wò. Ìwé tó bá a wá, èmi kò mọ ohun tó ń wí, ṣùgbọ́n àwòrán wà níbẹ̀: obìnrin òyìnbó kan fi bàtà gogoro tẹ bíréèkì, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wá rò ó pé bóyá bíréèkì wọn kì í gbọ́ràn sí ẹsẹ̀ lásán. Mo wọ bàtà tí mo fi ń lọ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹsẹ̀ oko ni mo fi dán an wò.

A gbé e lọ sí ìdàgẹ̀rẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá rẹ tẹ́ uṣu kan láti oko sínú rẹ̀ dípò ọmọ, ó dé e ní fìlà tó ti hun sílẹ̀ de Adéṣínà, ó fi ọ̀já dì í. Mo fi bàtà tẹ bíréèkì, ó dún kàkà, gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. Mo ká ọwọ́ kúrò. Ìbíyẹmí, kẹ̀kẹ́ yìí dúró díẹ̀ bí ọmọdé tí ìyá rẹ̀ ń wò. Bí mo ti yí ojú padà báyìí, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Màmá rẹ pariwo Jésù, ó gbàgbé orúnkún, ó sáré tẹ̀lé uṣu bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ bọ́ sódò. Kẹ̀kẹ́ dojú dé, uṣu kán sí méjì. A ò lè sè é. Màmá rẹ ní òun kò lè fi ọ̀bẹ kan uṣu tó ti dé fìlà ọmọ òun. Ẹ̀yìnkùlé ló lọ gbìn ín sí.

Joseph tó ń tún bàsíkùlù ṣe tú ìdí rẹ̀. Eyín irin kékeré kan ló yẹ kó há mọ́ táyà, ṣùgbọ́n sípíríǹgì tó ń tì í ti rọ. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, á dún, á dúró díẹ̀, á yọ. Nítorí náà gbọ́ mi dáadáa: bóyá o tẹ̀ ẹ́ o, bóyá o gbàgbé o, èmi tí mo wọ bàtà tí mo tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀sán gangan, ó sá mọ́ mi lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ.

Joseph fẹ́ fi sípíríǹgì tuntun sí i, mo ní rárá. Bíréèkì tó ń dúró de kí ènìyàn rántí òun, bíréèkì wo nìyẹn? Ta ni kì í gbàgbé nǹkan nígbà tí ọmọ kò bá jẹ́ kó sùn? Igi ni kó ti wà ní ìdí táyà, ọwọ́ ni kó máa gbé e kúrò. A gbẹ́ igi méjì, a kan rọ́bà táyà mọ́ wọn lójú, a fi wáyà bíréèkì bàsíkùlù fà wọ́n dé ibi tí ọwọ́ ń mú. Bí o bá fún un mọ́ ọwọ́, igi á gbéra, kẹ̀kẹ́ á máa lọ. Bí o bá jù ú sílẹ̀, torí o fẹ́ gba ṣéńjì, torí oorun, torí ẹkún, igi á bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, á há.

Mo tì í lọ sí gáréèjì kí àwọn dírẹ́bà bá mi wò ó. Àwọn ọmọ yẹn ní Bàbá, èrò mélòó ló kù kí ọkọ̀ yín kún, ṣé Iléṣà tààrà ni? Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n tì í, wọ́n tún tì í, kò lọ. Mo béèrè ibi tí à á ti gba láísẹ́ńsì rẹ̀, nítorí ohun tó bá ní táyà mẹ́rin kò yẹ kó máa rìn láìní ìwé. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo tẹ́ uṣu mìíràn sínú rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ yẹn, mo wọlé lọ jọ́sìn. N ò gbọ́ ìwàásù. Nígbà tí a jáde, ewúrẹ́ kan ń fi ara ha á, kò mira.

Máa gbé ọmọ rẹ bọ̀ ní Kérésì. Ìwọ ni wàá ti kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe èmi, kì í ṣe màmá rẹ. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ o, ti ọ̀dà tí a fẹ́ fi kun igi náà, àti ti òróró orúnkún màmá rẹ. Má gbé e gba bánkì, a ò mọ ẹni tó ń bá wọn sùn ti owó náà lóru. Dírẹ́bà ni kí o fún. Òkè kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ọmọ rẹ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, wàá tọ́ ọ, wàá sì jèrè rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ẹnjiníà Àgbà.

Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Táyọ̀ àbúrò yín ni. Gbogbo ohun tí mo kọ ló ṣẹlẹ̀, títí kan bàtà àti uṣu, ṣùgbọ́n Bàbá kọ́ ló sọ ọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Nígbà tí mo mú bírò tí mo ní kí ni kí n kọ sí Àǹtí, wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé bíréèkì ti dára, wọ́n sì lọ jókòó ti kẹ̀kẹ́. Èmi ni mo fi ohùn wọn sọ ìyókù, torí mo mọ bí ọ̀rọ̀ wọn ì bá ṣe dún bí ó bá lè jáde lẹ́nu wọn. Mo kà á sí wọn létí láàárọ̀ yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ẹnjiníà, wọ́n ní màá gba ìgbátí. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé kì í ṣe ẹ̀bi yín, wọ́n gbé ojú sókè. Wọ́n ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n má yọ nǹkankan.